Ẹ̀yin Oníṣòwò Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, Ẹ Ṣọ́ra fún Ìbọn Ìléwọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jà láàárín àwọn oníṣòwò wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, mo sì rò pé ó yẹ kí á sọ ọ́ ní gbangba kí ó tó di ohun tí a óò máa fi ẹkún sọ. Ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ ni. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà wa di ọ̀nà ẹ̀rù, àwọn kan a máa bi mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé: "Àáfà, bí ènìyàn bá rí ìbọn kékeré tí kò wọ́n rà, tí ó sì ní kí alágbẹ̀dẹ bá òun tún un ṣe kí ó lè lágbára sí i, ẹ̀ṣẹ̀ ha ni bí?"

Èmi kò dá wọn lẹ́bi nítorí ẹ̀rù tí ń bà wọ́n. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n ní ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n wọ ilé ìjọsìn St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n pa bí ogójì ènìyàn. Ta ni ẹ̀rù kò ní bà?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí òfin wí. Ọdún 1959 ni wọ́n ti ṣe òfin ìbọn tí a ń lò ní Nàìjíríà, ó sì pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò. Kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Èkejì ni ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, èyí tí a ń fi ọwọ́ ki ọta sí. Ìbọn pọ́ńpù kò sí lára rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ọlọ́pàá gbogbo Nàìjíríà ni ó ni àṣẹ lórí èyí. Wọn kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ìbọn tí òfin kà léèwọ̀. Àárín ìbọn ológun ni wọ́n ka ìbọn ìléwọ́ mọ́, ìbáà ṣe ti òyìnbó, ìbáà ṣe ti alágbẹ̀dẹ. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fúnni ní àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ìbọn náà ti kéré ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Owó tí ẹ fi ra ìbọn kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀. Ẹ óò ra ọta ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ óò san owó alágbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ ni òfin kan náà kọ̀ kí ẹnikẹ́ni rọ ìbọn tàbí kí ó tún un ṣe láìgba àṣẹ. Irin páìpù tí àwọn kan fi ń rọ ọ́ kò lè gba agbára ọta òde òní. Ó lè fọ́ mọ́ ẹni tí ó dì í mú lọ́wọ́. Ẹni tí ó tà á fún yín sì ti mọ àṣírí yín. Ní ọjọ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, orúkọ yín lè jáde ní ẹnu rẹ̀. Ọjà tí ènìyàn rà tí kò lè gba rìsíìtì rẹ̀, tí kò lè fi han aládùúgbò, èrè wo ni ó wà níbẹ̀?

Ǹjẹ́ yóò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ẹ rà á fún? Bí ẹ bá gbéra ní Ìkàrẹ́, tí ẹ gba Ọ̀kà lọ sí Ọ̀wọ̀, àwọn ọlọ́pàá àti sójà tí ń yẹ ọkọ̀ wò lè rí ìbọn yín kí ajínigbé tó rí i. Àwọn ajínigbé kì í sì í dá rìn. Inú igbó ni wọ́n ti ń yọ, wọ́n pọ̀, AK-47 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Kí ẹ tó fa tiyín yọ lábẹ́ agbádá, wọ́n ti da ìbọn bo ọkọ̀, àti ẹ̀yin àti ọmọ ọlọ́mọ tí ó jókòó tì yín.

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ Amọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 2020. Ní ọdún 2022, olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí í ṣe àgbà agbẹjọ́rò, ké gbàjarè pé ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí Amọ̀tẹ́kùn gbé irú ìbọn tí ọ̀tá ń gbé. Bí gómìnà bá ń bẹ̀bẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí òfin gbé kalẹ̀, ta ni yóò fi ojú àánú wo ẹni tí ó dá ìbọn rà lẹ́yìn ọjà?

Àwọn mìíràn yóò wí pé ìbọn tí ó bá ju ti ọ̀tá lọ ni yóò parí rẹ̀. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Àwọn oníṣòwò ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Síbẹ̀ ìbọn kọ́ ni ó parí ogun náà. Àdéhùn ọdún 1886 ni wọ́n jọ fọwọ́ sí, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun sì tó tú ká. Ní Àkókó tiwa, nígbà tí àwọn Núpé ń kó àwọn baba wa lẹ́rú, orí òkè ni wọ́n gbára jọ sí. 

Ewu kan tún wà nínú ilé. Ìlú tí ọ̀rọ̀ oyè ti ń dá ìjà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìlú wa. Ìbọn tí baba rà nítorí ajínigbé ni ọmọ yóò fà yọ ní ọjọ́ tí àdúgbò kan bá dojú kọ èkejì. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run pàṣẹ pé ẹni tí ó bá gbé ọfà kọjá nínú mọ́sálásí tàbí nínú ọjà, kí ó di ẹnu ọfà náà mú, kí ó má bàa ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Gbangba ni ọfà wà tí ó fi pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Kí ni kí á wá wí nípa ìbọn tí ọta kún inú rẹ̀, tí a fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ láàárín èrò ọjà?

Èmi kò wí pé kí ẹ káwọ́ gbera. Òjíṣẹ́ kan náà ni ó ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀ kí ó tó gbára lé Ọlọ́run. Ẹ má ṣe rin ọ̀nà lóru. Kí ọkọ̀ méjì mẹ́ta jọ máa rìn. Kí ẹgbẹ́ oníṣòwò dá owó fún epo àti iná tọ́ọ̀ṣì àwọn ọdẹ àti Amọ̀tẹ́kùn. Kí á bẹ ìjọba kí wọ́n ro igbó etí ọ̀nà, kí wọ́n sì dí kòtò tí ń mú kí ọkọ̀ rọra rìn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ láìní ìbọn, kí ó tọ ọlọ́pàá lọ fún ìwé àṣẹ èyí tí òfin gbà. Ẹni tí ó bá sì ti ra ìléwọ́, kí ó tètè wá agbẹjọ́rò tí yóò bá a fà á lé ìjọba lọ́wọ́.

Owó ìbọn ènìyàn mẹ́wàá, bí a bá dá a jọ, yóò ṣọ́ ọ̀nà fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Kí Ọlọ́run Ọba ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.