Ta Ló Ń Ru Ẹrù Líìgì Họ́kì Àwọn Obìnrin Ní Kánádà?

Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024 ni PWHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tuntun fún àwọn obìnrin, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àwọn eléré sì ń gba owó iṣẹ́ wọn. Kí oṣù kẹrin ọdún náà tó parí, èèyàn 21,105 ti pé jọ sínú gbọ̀ngán kan ní Montreal láti wo ìdíje kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ariwo ìdùnnú kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀: àwọn wo ló ru ẹrù eré yìí kí owó tó dé, ta ni yóò sì máa rù ú fún àìmọye obìnrin tí owó náà kò ní kàn?

Eré yìí kì í ṣe èyí tí bọ́ọ̀lù kan àti pápá gbalasa tó láti bẹ̀rẹ̀. Bàtà onírin ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń gbá róbà pẹlẹbẹ sínú àwọ̀n. Inú gbọ̀ngán tí ẹ̀rọ ń mú tutù ni yìnyín náà máa ń wà, wákàtí-wákàtí ni wọ́n sì ń háyà rẹ̀. Nítorí náà, kí líìgì kékeré kan tó lè wáyé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tètè lọ gba àyè sílẹ̀, kó gba owó lọ́wọ́ eléré kọ̀ọ̀kan, kó san owó ìnṣọ́ránsì, kó wá rẹfirí, kó pín ẹgbẹ́ lọ́nà tó tọ́, kó sì parí ìjà. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe èyí, láìgba kọ́bọ̀.

Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló gbé eré náà dé ibi tó dé. Ọdún 1975 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin Ontario sílẹ̀. Ní 1987, ẹgbẹ́ yìí, pẹ̀lú akitiyan Fran Rider, gbàlejò ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ àgbáyé kò tíì fọwọ́ sí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àjọ náà ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin ní Ottawa. Ní 1998, eré náà dé Òlíḿpíìkì ní Nagano.

Ẹ̀kọ́ kejì korò díẹ̀. Ní 2007, àwọn eléré fúnra wọn, Sami Jo Small àti Lisa-Marie Breton lára wọn, dá líìgì CWHL sílẹ̀. Àwọn kan náà tó ń gbá eré ló tún ń ṣètò rẹ̀. Ọdún 2017 ni líìgì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn eléré ní owó táṣẹ́rẹ́. Nígbà tó di 2019, ó kógbá sílé. Ìfẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kì í san gbèsè.

Àwọn kan lè sọ pé kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ tí wọn yóò máa sanwó fún. Àmọ̀ràn yìí dára létí, àmọ́ owó tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń dá ni yóò gbówó lórí, àwọn tí líìgì wà fún gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ fà sẹ́yìn.

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ń bọ́ àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́. Nínú àáró, oko oníkálukú ni gbogbo wọn yóò ro yíká. Nínú ọ̀pọ̀ líìgì aláìgbowó, gbogbo èèyàn ló fẹ́ jẹ oúnjẹ ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ebè. Bí ó bá bímọ, tí ó bá ṣí kúrò nílùú, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́, orúkọ àwọn eléré àti ìwé ìṣirò owó a bá a lọ. Bí kò bá sì sẹ́ni tó tètè gba àyè, ẹgbẹ́ mìíràn lè gba wákàtí yìnyín náà.

Ojútùú rẹ̀ kò le. Kí wọ́n pín iṣẹ́: kí ẹnì kan mójú tó owó, kí ẹlòmíràn mójú tó àyè, kí ẹ̀kẹta mójú tó rẹfirí, kí ipò sì máa yí ká lọ́dọọdún. Kí ìjọba ìlú tó ni gbọ̀ngán pín wákàtí tó dára dọ́gba fún ọkùnrin àti obìnrin, kì í ṣe kí wọ́n ti àwọn obìnrin sí ọ̀gànjọ́ òru. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí; líìgì tí èèyàn kan ṣoṣo sì gbé rù, ọjọ́ tí ọrùn bá wọ ẹni náà ni yóò wó.