Ìbínú Dókítà Kì í Ṣe Oògùn

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ̀lé ìyá àdúgbò wa lọ sí ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìwó. Dókítà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń dúró dè é sì kún gbogbo bẹ́ńṣì. Nọ́ọ̀sì kan sún mọ́ ọn, ó fẹ́ béèrè nípa abẹ́rẹ́ tó kọ fún aláìsàn kan. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí dókítà fi pariwo mọ́ ọn: "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ọmọbìnrin náà panu mọ́. Títí dòní, n kò mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Àwọn kan á ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, pé ẹni tó ń gba ẹ̀mí là kò ráyè ṣọ́ ẹnu. N kò jiyàn pé ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jápa, iṣẹ́ wọn sì ti di tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí àwíjàre. Awakọ̀ tó sùn lórí ìrìn tó sì pa èèyàn, oorun kọ́ ló máa dá a láre.

Èébú yẹn gan-an kọ́ ni ewu ibẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e ni. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n jágbe mọ́ lónìí, tó bá rí oògùn tó pọ̀ jù lọ́la, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ Joint Commission tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò kìlọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí lóṣù keje ọdún 2008. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, wọ́n ní kí ilé ìwòsàn kọ òfin ìwà sílẹ̀, kó sì mú dókítà náà.

Nílé ńkọ́? Abala 21 nínú òfin ètò ìlera wa ti ọdún 2014 gba òṣìṣẹ́ láyè láti kọ̀ láti tọ́jú aláìsàn tó bá ń bú u tàbí tó ń lù ú, àfi tí orí aláìsàn náà bá dàrú. Èyí fi hàn pé òfin mọ̀ pé èébú ń ba iṣẹ́ ìwòsàn jẹ́. Tó bá wá ti ẹnu ọ̀gá jáde ńkọ́?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ilé ìwòsàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè sọ pé "ẹ dúró ná", kí wọ́n má sì fìyà jẹ ẹ́. Kí ìjọba náà gba dókítà síṣẹ́ sí i, torí èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìyẹn á gba owó o. Ṣùgbọ́n "Nọ́ọ̀sì, kí lẹ fẹ́ sọ?" kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.