Ẹ Jẹ́ Ká Dín Eku Tí À Ń Pa Kù

Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa lápá Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, kò sí ọmọdé tí kò mọ tanátaná. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé iná ìdí irú kòkòrò yìí ni wọ́n fi ń wo bí jẹjẹrẹ ṣe ń dàgbà lára eku láì pa eku náà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tanátaná Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Photinus pyralis. Wọ́n á mú jíìnì tó fi ń tan iná, wọ́n á fi sínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, wọ́n á gbé sẹ́ẹ̀lì náà sára eku. Tó bá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wò ó, wọ́n á gún eku ní abẹ́rẹ́ luciferin, ìyẹn epo tí iná yẹn ń jó. Wọ́n á fi oògùn kùn ún lóorun, wọ́n á gbé e sínú àpótí tó ṣókùnkùn biribiri, kámẹ́rà á sì ka ìmọ́lẹ̀ tó ń gba awọ rẹ̀ jáde. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kì í tàn. Nítorí náà, bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa relẹ̀. (Tí kókó bá jìn sínú, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara máa ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ náà mì, kì í ṣe idán.)

Ẹ wá wo ọ̀nà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ dán ewé kan wò sí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ọ̀wọ́ eku mẹ́ta, mẹ́jọ mẹ́jọ, ó sì fẹ́ wo ẹ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tó bá jẹ́ pípa ló máa fi wò ó, eku 120 nìyẹn. Tó bá lè wò wọ́n láàyè, 24 ti tó. Ọmọ Ṣakí ni mí o, a ń jẹ eku, ẹ má rò pé àánú nìkan ló ń ṣe mí. Eku tí o pa lọ́sẹ̀ kejì ò lè sọ fún ẹ bóyá kókó rẹ̀ ìbá ti súnkì lọ́sẹ̀ kẹfà. Eku mìíràn lo máa wá fi wé e.

Láti 1959 ni Russell àti Burch ti kọ ọ́ síwèé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ká dín iye ẹranko kù, ká sì dín ìrora wọn kù.

Àwọn kan á ní kí ìjọba ra ẹ̀rọ yẹn fún wa. Èmi ò fara mọ́ ọn pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù dé nǹkan bí 90 ní ìsàlẹ̀ òdo; pẹ̀lú iná mànàmáná tiwa yìí, àga ló máa dà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ sikáànì tí àwọn aláboyún ń lọ ṣe wà káàkiri. Tí a bá lo orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ọmú àti ọ̀fun, ó lè fi kókó hàn lára eku ńlá tàbí ehoro, ká wọ̀n ọ́n, ká tún wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì máa bi wá ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó buwọ́ lù ú: kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ fi sikáànì wò ó?