Ẹni Tó Fẹ́ Gba Eṣinṣin Là, Kó Tọ́jú Bọ̀tọ̀

Ní Oṣù Kẹjọ, bí oòrùn bá mú dáadáa lórí pápá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, eṣinṣin kan wà tó máa ń bà lé bọ̀tọ̀, tí yóò dúró síbẹ̀ láìmira. Ẹran ló ń ṣọ́. Kí yímíyímí tàbí tata ṣèèṣì fò kọjá, yóò já lù ú lójú òfurufú, yóò fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún gbá a mú, yóò sì ki ẹnu ṣóńṣó bọ̀ ọ́ lára. Oró inú itọ́ rẹ̀ á pa ẹran náà, á sọ inú rẹ̀ di omi, eṣinṣin á wá fà á mu títí yóò fi ku èèpo. Irùngbọ̀n líle tó hù síwájú orí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹran tó ń ja raburabu ha á lójú.

Asilus crabroniformis ni Linnaeus pè é ní 1758. Gígùn rẹ̀ lè lé ní mìlímítà 25, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti agbọ́n débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó ti ṣọ̀wọ́n báyìí. Òfin ọdún 2006 ló mú kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn ohun abẹ̀mí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ máa rò tiwọn mọ́ ìpinnu rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìgbẹ́ màlúù ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ tàbí ìtòsí rẹ̀ ni eṣinṣin yìí ń yé ẹyin sí, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ìdin yímíyímí ni ìdin tirẹ̀ ń jẹ nínú ilẹ̀. Bí yímíyímí bá tán, kí ni òfin fẹ́ dáàbò bò?

Oògùn aràn wà lára ohun tó ń pa yímíyímí. Ivermectin, tó dé ọjà àwọn ọlọ́sìn ní 1981, ń bá ìgbẹ́ màlúù jáde, ó sì lè máa pa ìdin inú bọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oògùn rere ni o. Òun náà ni Mectizan tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn abúlé Nàìjíríà tó wà létí odò, nítorí àrùn tí eṣinṣin etí odò ń kó ranni tó ń fọ́ni lójú (kì í ṣe gbogbo eṣinṣin ló yẹ ní àánú). Campbell àti Ōmura tó ṣàwárí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni àṣà fífún gbogbo agbo lóògùn nítorí pé oṣù ti pé, láìwo èyí tí aràn ń dà láàmú.

Ọlọ́sìn lè ní owó òun ni wọ́n fẹ́ fi gba kòkòrò là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ẹranko lè ka ẹyin aràn inú ìgbẹ́, kí wọ́n fún kìkì èyí tó nílò rẹ̀ lóògùn. Owó oògùn á dín kù, aràn kò sì ní tètè borí oògùn. Yímíyímí náà ń sin ìgbẹ́ wọlẹ̀ kí ìdin eṣinṣin tó ń yọ màlúù lẹ́nu tó dàgbà nínú rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀.

Àwọn aláàbò ẹ̀dá kan náà ní ẹ̀bi tiwọn: wọ́n á kó màlúù kúrò kí pápá lè sinmi. Oṣù Keje sí Oṣù Kẹwàá sì ni eṣinṣin yìí ń fò. Pápá tí kò ní ìgbẹ́ tuntun lásìkò yẹn kò ní ibi ìjókòó, oúnjẹ tàbí ibi ìyẹ́yin fún un, igbó á sì bò ó láìpẹ́. Màlúù díẹ̀ tí kò gba ivermectin, tó ń jẹ̀ níbẹ̀ jálẹ̀ oṣù mẹ́rin náà, ló yẹ kí ìjọba máa béèrè kó tó san owó ìrànwọ́ fún àgbẹ̀ tó ni irú pápá bẹ́ẹ̀.