Àjòjì Lójú, Kò Fi Ríran: Ẹ̀kọ́ Òwe Kan Láti Ravenna

Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ti mọ ìdí gbogbo ọ̀ràn ibẹ̀, àwọn àgbà a ní, "Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà á sí èébú; wọ́n ní onílé ló ń fi í rán àlejò létí pé kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìyẹn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òwe náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ fún wa pé ojú kì í dá iṣẹ́ ṣe: ìbéèrè tí a bi ẹni tó mọ̀, ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, àti sùúrù tí a ní, ni í jẹ́ kí ojú rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kò sì sí ibi tí a ti lè dán ọ̀rọ̀ yìí wò tó ìrìn àjò afẹ́, níbi tí ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, tó ń san owó hòtẹ́ẹ̀lì àti owó ìwọlé, nítorí àtiríran nìkan. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ jèrè irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ní ìlú kékeré tó ní ìtàn púpọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé òun kò tíì ríran. Ìlú Ravenna ní Ítálì ni màá fi ṣe ẹ̀rí.

Ravenna wà ní apá ìlà-oòrùn àríwá Ítálì, kò jìnnà sí Òkun Adriatic. Kò tóbi bíi Róòmù tàbí Milan. Ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi yí àárín ìlú àtijọ́ ká. Síbẹ̀, ní ọdún 402, olú-ọba Honorius kó ìjọba Róòmù ti apá ìwọ̀-oòrùn kúrò ní Milan wá síbẹ̀, nítorí pé irà tó yí i ká kì í jẹ́ kí ọ̀tá ráyè wọlé, èbúté sì wà nítòsí. Ní 476, wọ́n rọ olú-ọba tó gbẹ̀yìn lóyè. Ní 493, Theodoric, ọba àwọn Goth, gba ìlú náà, ó sì wà lórí àlééfà títí ó fi kú ní 526. Nígbà tó di 540, àwọn ọmọ ogun Justinian, olú-ọba tó wà ní Constantinople, gbà á. Kò tó ogóje ọdún tí Ravenna fi bọ́ láti ọwọ́ ìjọba kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mẹ́jọ nínú àwọn ilé ìgbà náà ni UNESCO kọ sínú ìwé ogún aráyé ní 1996. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lè má wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bíríkì lásán ni ara ọ̀pọ̀ nínú wọn níta. Inú ni ọ̀rọ̀ wà: ara ògiri àti àjà kún fún mòsáíkì, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi wẹ́wẹ́ òkúta àti dígí aláwọ̀ tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú wẹ́wẹ́ dígí náà ní wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, àwọn oníṣẹ́ sì mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ta lára wọn bí ènìyàn bá ṣe ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí a wọ Sant'Apollinare Nuovo, ilé ìjọsìn tí Theodoric kọ́ sí ẹ̀bá ààfin rẹ̀. Lára ògiri ọwọ́ ọ̀tún, nítòsí ẹnu ọ̀nà, àwòrán ààfin kan wà níbẹ̀. Òpó funfun tò lẹ́sẹẹsẹ, aṣọ títa tí wọ́n ta ní kókó sì wà láàárín òpó kan àti èkejì. Àjòjì á wò ó, á ní ó dára, á ya fọ́tò, á sì kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ bá ní kó tún wo àwọn òpó náà, ìgbà náà ni yóò rí i pé ọwọ́ ènìyàn wà lára wọn: ọwọ́ kan níhìn-ín, ìka díẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ara, kò sí orí. Ẹ̀kọ́ Arius nípa Kristi ni Theodoric àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tẹ̀lé, ẹ̀kọ́ tí ìjọ Róòmù àti ti Constantinople kà sí àdámọ̀. Nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ Justinian, tí bíṣọ́ọ̀bù Agnellus sì gba ilé náà fún ìjọ tirẹ̀, wọ́n yọ àwòrán àwọn tó dúró nínú ààfin náà kúrò, wọ́n fi aṣọ títa dípò wọn. Ọwọ́ tó ti nà kan òpó ni wọ́n fi sílẹ̀, ó sì ti lé ní 1,400 ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ògiri kan náà ni àjòjì àti onímọ̀ ń wò. Ọ̀kan rí ọ̀ṣọ́. Èkejì rí bí ìjọba tuntun ṣe fẹ́ pa ti àtijọ́ rẹ́, tí kò sì rí i pa rẹ́ tán.

Ní San Vitale, ilé ìjọsìn mìíràn nínú ìlú náà, àṣìṣe tí ojú ń ṣe tún le ju ìyẹn lọ. Nínú mòsáíkì ibẹ̀, Justinian dúró pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ayaba Theodora àti àwọn obìnrin ààfin wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, gbogbo wọn nínú aṣọ olówó iyebíye. Ẹni tó bá fi ojú nìkan wò wọ́n á gbà pé ọba àti ayaba wá ṣe ìyàsímímọ́ ilé náà ní 547. Wọn kò fẹsẹ̀ kan Ravenna rí. Nínú àwòrán ọba, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí òkè orí ẹnikẹ́ni: Maximianus, bíṣọ́ọ̀bù tí Justinian yàn, tí àwọn ará ìlú kọ́kọ́ kọ̀. Owó ilé náà pàápàá, Julianus tó ń ṣòwò owó nínú ìlú ló san án, 26,000 owó wúrà. Nítorí náà, iṣẹ́ òṣèlú ni àwòrán yìí ń ṣe. Ó ń sọ fún àwọn ará Ravenna pé ọba tí wọn kò rí ló ni wọ́n, àti pé ọkùnrin tí wọn kò fẹ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ ọba ló dúró sí.

Ẹlòmíràn á ní ìsinmi lòun bá wá, òun kò wá sílé ìwé. Ṣé ohun tó rẹwà ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé ni? Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọn yóò kọ́ kó tó mọ̀ pé àjà aláwọ̀ aró tí ìràwọ̀ wúrà kún, nínú ilé kékeré tí wọ́n ń pè ní ibojì Galla Placidia, ń múnú ẹni dùn. Òwe wa kò du àjòjì ní ayọ̀ yẹn. Ohun tó ń bá a wí fún ni kó tibi ayọ̀ náà bọ́ sí ìdájọ́. Orúkọ ilé náà lè mú kó gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n sin obìnrin náà sí, ṣùgbọ́n Galla Placidia, ọmọ olú-ọba àti ìyá olú-ọba, kú sí Róòmù ní 450, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò sì gbà pé wọ́n sin ín sínú ilé kékeré yìí rárá. Ayọ̀ náà gan-an tún ń fẹ́ sùúrù. Òkúta fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi dí àwọn fèrèsé rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú ló ń gbà á wọlé, ojú sì nílò àkókò kó tó bá òkùnkùn náà mu. Ẹni tó bá na fóònù sókè láti ẹnu ọ̀nà, tó sì jáde kí ojú rẹ̀ tó là, ti pàdánù ohun tó tìtorí rẹ̀ wá.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ: ìgbà mìíràn wà tí àjòjì ń rí ohun tí onílé kò rí mọ́. Gustav Klimt, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Austria, dé Ravenna ní 1903, àwọn iṣẹ́ oníwúrà tó sọ ọ́ di olókìkí sì ń fi hàn pé ó ríran níbẹ̀. Onílé pàápàá lè ní ojú tó fọ́. Dante, akéwì ńlá Ítálì tí Florence, ìlú rẹ̀, lé jáde, kú sí Ravenna ní 1321. Nígbà tí Florence gba àṣẹ póòpù ní 1519 láti kó egungun rẹ̀, òfìfo ibojì ni wọ́n bá, nítorí àwọn fúráyà, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì, ti kó o pamọ́. Ní 1810 tí wọ́n lé àwọn fúráyà kúrò, àpótí egungun náà wà nínú ògiri, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ mọ́. Odindi ìran ènìyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣàdéédéé bá a ní 1865. Ǹjẹ́ èyí ba òwe wa jẹ́? Rárá; ó jẹ́ ká mọ ẹni tí àjòjì jẹ́ gan-an. Klimt mú ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ wúrà dání, nítorí ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà ni, kò sì wá lásán. Àwọn tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun Dante, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, àmọ́ ẹni tí ì bá sọ fún wọn ti lọ. Ìmọ̀ ló ń sọni di onílé nínú òwe yìí, ìbí kò tó.

Ibi tí mùsíọ́mù ti wúlò nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń fo ó, tí wọ́n ní inú àwọn ilé ìjọsìn ni ohun tó dára wà. Ní Museo Nazionale, tó wà nínú ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ San Vitale, a lè rí àwòrán tí àwọn oníṣẹ́ kọ́kọ́ fà sára ògiri ilé ìjọsìn mìíràn, Sant'Apollinare in Classe, kí wọ́n tó to mòsáíkì lé e. Àwọn ẹyẹ ọ̀kín wà nínú rẹ̀; iṣẹ́ tó wà ní ojú ògiri náà lónìí, àgùntàn ló fi hàn. Ẹni tó bá ti rí èyí yóò mọ̀ pé ẹnì kan ti ronú, ó ti yí èrò padà, kó tó di pé ògiri náà dára. Ilé ìjọsìn kò lè fi ìyẹn hàn án.

Owó àti àkókò kì í tó gbogbo ènìyàn, ó dá mi lójú, àwọn ọlọ́jọ́ kan sì pọ̀ nínú àwọn tó ń dé Ravenna. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n dín iye ibi tí wọn yóò dé kù. Mùsíọ́mù kan àti ilé ìjọsìn méjì tí ènìyàn fara balẹ̀ wò, tó bèèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀, tó sì tún padà wò lẹ́yìn àlàyé, sàn ju mẹ́jọ tó sáré kà lọ. Kò ná an ní kọ́bọ̀ ju owó ìwọlé lọ láti bi òṣìṣẹ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pé, "Kí ni àwọn ènìyàn kì í sábà rí níbí?" Òwe náà kò lé àjòjì padà sílé. Ó kàn ní kó fi ìdájọ́ rọ̀ ná, títí yóò fi béèrè.