Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ Má Ṣe Ya Báyọ́lọ́jì Kúrò Lára Kọ̀ǹpútà

 Ní irú àkókò àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa báyìí, ìyìn ni ó máa ń pọ̀ jù lẹ́nu wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ, nítorí pé ó kan àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì lónìí.

Nígbà tiwa, ẹni tí ó bá mọ Báyọ́lọ́jì, dókítà ni a ń pè é kí ó tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ewé àti ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa fi ọdún mẹ́rin jókòó sílé ní Ibafo, ó ń ṣe ìdánwò JAMB lọ́dọọdún nítorí iṣẹ́ dókítà. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí ń sọ fún un pé kí ó má ṣe yí ọkàn padà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò fi ọ̀nà kejì hàn, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni yóò wà, gẹ́gẹ́ bí àwa ará Mowé ti mọ̀ ọ́n dáadáa ní títì márosẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí a ń wí ni kí ọmọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, kí ó sì darí rẹ̀ sí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bioinformatics. Èyí ni lílo kọ̀ǹpútà láti ka àṣẹ tí Ẹlẹ́dàá kọ sínú ara ohun abẹ̀mí. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ àṣẹ náà sílẹ̀: A, C, G àti T. Ti ènìyàn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Ẹ rántí àyẹ̀wò genotype tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo, A tí ó di T, ni ó ń fa irú àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde tí a ń pè ní SS, nígbà tí ọmọ bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá.

Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tí ó gba Èkó wá sí Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀, ní àrùn kòrónà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ACEGID ní Redeemer's University, Ẹdẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, ka àṣẹ inú fáírọ́ọ̀sì náà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Yunifásítì yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Redemption Camp, ní Mowé níbí, ní ọdún 2005, kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ.

Báwo ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí? Fáírọ́ọ̀sì náà ní nǹkan bí 30,000 lẹ́tà, ṣùgbọ́n ègé wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń kà á. Ẹ ronú nípa ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ìwé orin kan tí ó ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹni tí yóò tò ó yóò máa wo ibi tí ìparí ègé kan ti bá ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn mu. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe ìtò yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìṣirò, tí ó sì mọ Báyọ́lọ́jì, ni ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ti ṣe é. Ní Covenant University, Ọ̀tà, tí òun náà kò jìnnà sí Ìfọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ezekiel Adebiyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwádìí kòkòrò ibà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

A kò ní tàn yín jẹ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa kò ní oyè àkọ́kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìmọ̀ yìí. Oyè kọ̀ǹpútà ni ọmọ yóò gbà. Nípasẹ̀ àwọn ẹ̀kọ́ tí ó bá yàn kún un àti iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn ni yóò fi yà sí i. Ó ṣeé ṣe kí ó nílò oyè kejì kí ó tó ríṣẹ́ gidi. Iná mànàmáná àti owó dátà yóò dán sùúrù rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ilé ìṣúra lẹ́tà wọ̀nyí, irú bíi GenBank tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí ọmọ Amẹ́ríkà ń rí níbẹ̀ ni ọmọ Ìfọ̀ náà yóò rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà ju Báyọ́lọ́jì nù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe dókítà sá fún ìṣirò. Nínú JAMB, ọmọ tí yóò kọ́ kọ̀ǹpútà nílò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti Físíìsì. Ẹ̀kọ́ kẹrin lè jẹ́ Báyọ́lọ́jì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Báyọ́lọ́jì àti ti kọ̀ǹpútà jùmọ̀ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, géètì tuntun ni ọ̀pọ̀ ń dárúkọ fún ẹ̀bùn àjọ̀dún. Géètì lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ọmọ níwèé. Ẹ jẹ́ kí a ra kọ̀ǹpútà díẹ̀ tí ó ń lo iná oòrùn, kí a sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ yàrá Báyọ́lọ́jì.

Ọ̀rẹ́ wa ará Ibafo ti rí ọ̀nà ara rẹ̀ lẹ́yìn náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin yẹn kò padà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mìíràn tún san irú owó ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí àìmọ̀ tiwa.