Àdáwà Kì Í Ṣe Àwáwí

Ọ̀pọ̀ òbí Ẹ̀gbá tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ́nù a máa wí pé àdáwà ni kò jẹ́ kí ọmọ àwọn gbọ́ Yorùbá, kí ó sì mọ ìrun kí. Òtítọ́ ni pé kò sí ìyá àgbà nítòsí. Ṣùgbọ́n ta ni ó dá wà tó àwọn Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown? Ní 1839, wọ́n wó mọ́sálásí àwọn Mùsùlùmí inú wọn ní Fourah Bay. Síbẹ̀ wọn kò fi ẹ̀sìn sílẹ̀; títí dòní, àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn, tí ń jẹ́ Oku, ń ṣe kọ́mọjáde. Ẹni tí ó ní tẹlifóònù lọ́wọ́, èsì wo ni yóò fún Ọlọ́hun? Ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Aké, ọmọ tí wọn kò kọ́ ni yóò gbé e tà.